Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Ya Nínú Ọrùn: Ẹ Gbé Aláìsàn Dé Ilé Ìwòsàn Kí Ẹ Tó Gbé E Wá Bá Wa



Ìbéèrè kan wà tí àwa àáfà máa ń gbọ́ níbi àdúrà fídáù àti níbi tí a bá ti lọ bẹ aláìsàn wò. Wọ́n á ní: “Àáfà, ẹni ogójì ọdún ni. Kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í mu sìgá. Báwo ni rọpárọsẹ̀ ṣe wá mú un?” Kí a tó la ẹnu, ẹlòmíràn nínú ilé á ti dáhùn pé ọwọ́ ayé ni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ìyá ọkọ, tàbí orogún, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó bá a jà lóṣù tó kọjá.

A kò sọ pé kò sí aburú láyé. Ẹni tó ń ka Súrà Fàlàkì láàárọ̀ àti lálẹ́ mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà sí ìbéèrè yìí tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì gbọ́ rí, tí àwọn dókítà sì mọ̀ dáadáa: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn lè ya fúnra rẹ̀. Ìyẹn la fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Ẹni tó bá tètè mọ àmì rẹ̀ lè gba ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ là, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ìdí kejì sì rèé, kò dùn-ún sọ: wákàtí tí àwọn ènìyàn ń lò lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn wà lára ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Iṣan ńlá mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba inú ọrùn lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹ bá rọra fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń lù. Méjì yòókù wà lẹ́yìn, wọ́n gba inú ihò tí Ọlọ́hun dá sára egungun ọrùn gòkè lọ. Ara iṣan kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta: ti inú, ti àárín àti ti òde.

Ẹ wo ẹ̀wù tí télọ̀ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí nínú. Bí aṣọ inú yẹn bá ya níbì kan, tí ẹ sì fẹ́ wọ ẹ̀wù náà, ọwọ́ yín lè ṣìnà, kó wọ àárín aṣọ inú àti aṣọ òde. Bí ẹ bá ṣe ń ti ọwọ́ náà síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ya yóò máa gùn sí i, tí ojú apá ẹ̀wù náà yóò sì dí. Bí ọ̀rọ̀ iṣan yìí ṣe rí nìyẹn. Ìpele inú á ya díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára sáré á gba ojú ibẹ̀ wọlé, á ya ìpele kan kúrò lára èkejì, ibẹ̀ á wú, á sì fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nígbà mìíràn ọ̀nà náà á dí pátápátá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀jẹ̀ á dì sójú ọgbẹ́ náà, díẹ̀ á já lára rẹ̀, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, á sì há sínú iṣan tín-ín-rín kan nínú ọpọlọ. Apá ọpọlọ tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kà á, nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 100,000 ló ń ṣe lọ́dún. Bí a bá kó gbogbo rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń fà jọ, tọmọdé tàgbà, bí 2 nínú 100 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àwọn àgbàlagbà kúrò, tí a wo àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún nìkan, ó di 10 sí 25 nínú 100. Ọjọ́ orí tó ti wọ́pọ̀ jù jẹ́ nǹkan bí ọdún 45. Àwọn tó ń gbé ilé ró nìyẹn: bàbá tó ń san owó ilé ìwé, ìyá tó ṣì ń tọ́ ọmọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ tó lè rí iṣan ọrùn jìnnà sí ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà ènìyàn lè kú, tàbí kí ara rẹ̀ yá, láìsí ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ṣe é.

Kí ló ń fà á? Àwọn dókítà ń sọ pé ó “ya fúnra rẹ̀” láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ìjàǹbá ńlá fà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ba Phillip Hughes, ọ̀dọ́mọkùnrin eléré Ọsirélíà, lọ́rùn nílùú Sydney. Iṣan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ tú sínú orí rẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ẹni ọdún 25. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó fa ìyẹn. Èyí tí à ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe á ní òun kò mọ ohun tí òun ṣe. Bí dókítà bá wá fi sùúrù bi í léèrè, nínú bí 4 lára ẹni 10, nǹkan kékeré kan á jáde: ikọ́ líle, èébì tó pọ̀, ẹrù wíwúwo tó gbé, eré ìdárayá, tàbí ọrùn tó gbé sókè pẹ́ títí nígbà tó ń kun àjà ilé. Ibà tàbí ọ̀fìnkìn líle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ènìyàn lè wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan tí gbogbo wa ń ṣe ni, tí kì í ṣe wá ní nǹkan kan.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ará wa ní Bìrìtéènì mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni Andrew Marr, tó jẹ́ akọ̀ròyìn BBC tẹ́lẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 53, ó lo ẹ̀rọ ìdárayá tí wọ́n fi ń ṣe bí ẹni wa ọkọ̀ ojú omi, ó sì lò ó pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Orí fọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ sùn. Nígbà tó jí, ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ ló ti ya. Ó padà sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fáyé gbọ́. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú rẹ̀ ni “ó lọ sùn.”

Ọ̀rọ̀ fífi ipá yí ọrùn ń kọ́? Àwọn bábà kan wà tí wọ́n máa ń gbá orí oníbàárà mú lẹ́yìn tí wọ́n bá gẹrun tán, tí wọ́n á yí i sọ́tùn-ún sósì lójijì títí ọrùn á fi dún, oníbàárà á sì máa rẹ́rìn-ín pé ara tu òun. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí àwọn kan gba ìwé ẹ̀rí fún ni. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ìsopọ̀ wà láàárín irú ọrùn yíyí bẹ́ẹ̀ àti iṣan yíya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló ń fà á, wọ́n sì ní ó yẹ kí wọ́n sọ fún aláìsàn kí wọ́n tó ṣe é fún un. Ohun tó mú un ṣòroó mọ̀ ni pé ẹni tí iṣan rẹ̀ ti ya tẹ́lẹ̀ ni ọrùn máa ń dùn, ìrora ọrùn yẹn ló sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yí ọrùn. Tiwa ni pé ọrùn tó ń dunni kì í ṣe ohun tí à ń fún bábà.

Ẹ̀yin obìnrin náà, àwokòtò tí wọ́n fi ń fọ irun ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ní ọdún 1993, dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ nípa obìnrin márùn-ún tí ọpọlọ wọn fara gbá a lẹ́yìn tí wọ́n dá ọrùn délẹ̀ sẹ́yìn lórí irú àwokòtò bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù àwọn obìnrin ló ń ṣe é láìsí wàhálà, nítorí náà a kò ní kí ẹ má fọ irun mọ́. Ẹ ní kí wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ọrùn yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín níbẹ̀, ẹ dìde.

Àwọn kan wà tí ara iṣan wọn kò lágbára tó ti ẹlòmíràn láti ìbí wá, àwọn mìíràn sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí túúlu tó máa ń dà wọ́n láàmú. Ìyá ọlọ́mọ tuntun wà lára àwọn tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ pẹ̀lú: bí orí tàbí ọrùn bá ń dun ìyá ìkókó gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì lọ, kí wọ́n má kàn máa fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kí wọ́n sì máa sọ pé àìsùn ló fà á.

A ti rí ilé tó tú ká nítorí irú àìsàn báyìí. Ìyàwó fi ọwọ́ wọ́ ọrùn fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ nítorí pé ó ń dùn ún, ilẹ̀ mọ́, ọkọ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ ní òun ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ọrùn ti ń dun ọkùnrin náà kí ìyàwó tó fọwọ́ kàn án! Ẹni tó bá fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan mùsùlùmí láìní ẹ̀rí, ẹ̀ṣẹ̀ ló kó sọ́rùn. Èyí kò ní kí a dúró de dókítà kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí àmì. Ìrora ni àkọ́kọ́: orí tàbí ọrùn á máa dunni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irú èyí tí ẹni náà kò ní rí. Bí ó bá jẹ́ iṣan iwájú, ó lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ojú. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, ìpàkọ́ àti ẹ̀yìn ọrùn ni. Àmì kejì rọrùn láti fojú fò: ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ tó ń dunni á wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ náà á sì kéré ju ti èkejì lọ, nítorí pé okùn ìmọ̀lára tó ń bójú tó ojú gba ara iṣan náà kọjá. Àwọn ará ilé á ní oorun ló ń kùn ún. Àwọn kan á máa gbọ́ ariwo nínú etí kan, tó ń lù bí ọkàn ṣe ń lù.

Ọ̀pọ̀ ọrùn dídùn kì í ṣe èyí o. Ìrọ̀rí burúkú àti jíjókòó ti fóònù ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn tó ń dunni lójijì, tí ojú kan sì yí padà, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà.

Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀, ni rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ẹnu á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tàbí ẹsẹ̀ kan á rọ, ọ̀rọ̀ kò ní já gaara mọ́, ojú kan lè ṣókùnkùn. Bí ó bá jẹ́ iṣan ẹ̀yìn, òòyì líle, rírí nǹkan kan ní méjì, ìrìn tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ àti àìlègbé oúnjẹ mì ló máa ń yọjú. Nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á dé, á sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibẹ̀ la ti ń ṣàṣìṣe jù. Àáfà á ti gbàdúrà, apá á padà bọ̀ sípò, gbogbo ilé á ní “Àlíhámúdúlílàì,” wọ́n á sì gbé e padà sílé. Ẹ dúpẹ́, ó tọ́ kí a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti orí ìdúpẹ́ yẹn ẹ wọ mọ́tò. Ìkìlọ̀ ni èyí tó dé tó sì lọ, nítorí èyí tó tóbi lè wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń sáré ni pé oògùn kan wà tí dókítà lè fún aláìsàn láti tú ẹ̀jẹ̀ tó dì, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń fún un. Ẹ ka àkókò náà wò: wọ́n gbé e wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a ń ṣe rùkíyà, a ní kí wọ́n lọ ra oyin àti epo hábátù sódà, àwọn àgbà ẹbí ń bọ̀ láti ìlú mìíràn láti wá pinnu. Ìrun Àìlà ti dé. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ti lọ.

Nínú ìwé Abu Dawud, a kà pé nígbà tí Sa'd ọmọ Abi Waqqas ń ṣàìsàn, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ọwọ́ lé e láyà, lẹ́yìn náà ó ní kí ó lọ bá Al-Harith ọmọ Kalada, ará Thaqif, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn. Bí Ànábì tí àdúrà rẹ̀ ń gbà bá lè darí ẹnìkejì rẹ̀ sọ́dọ̀ oníṣègùn, àwa àáfà òde òní kò ní ìdí láti mú aláìsàn jókòó. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní kí a má ka Fàtíhà nínú mọ́tò. Kí ẹnì kan máa wà á, kí ẹnì kan máa kà á.

Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT tàbí MRI ni kí ẹ béèrè, irú bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí UITH n'Ílọrin. Ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtéènì, ẹ pe 999. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, 911. Ohun méjì wà tí ẹ̀yin ará ilé nìkan lè sọ fún dókítà: aago tí wọ́n rí aláìsàn kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá, àti pé ọrùn ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ èkejì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ya àwòrán orí nìkan kí wọ́n má ya ti ọrùn. Ẹ má ṣe fún un ní asipirínì nílé, nítorí pé rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà àti èyí tí iṣan bíbẹ́ nínú ọpọlọ fà jọra lójú, oògùn tó ń ran ọ̀kan lọ́wọ́ sì ń ba èkejì jẹ́.

Ní ti ìwòsàn àti ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí, ìròyìn rere ló pọ̀ níbẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ wọn, yálà asipirínì àti irú rẹ̀ tàbí èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ bíi warfarin. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì àti Ọsirélíà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, fi irú oògùn méjèèjì wé ara wọn lára ènìyàn 250. Láàárín oṣù mẹ́ta, 4 péré nínú gbogbo wọn ni rọpárọsẹ̀ kọ lù, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ọ̀kan sàn ju èkejì. Iṣẹ́ abẹ kì í sábà pọn dandan. Iṣan náà máa ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, bí awọ ara ṣe ń jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn kan kì í là mọ́, tí ọpọlọ á sì máa fi àwọn iṣan yòókù rọ́gbọ́n. Ẹni tó ń kú nínú wọn kò tó 5 nínú 100. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń padà sí ìgbé ayé tó dára. Bí rọpárọsẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe le tó ló ń pinnu ti àwọn yòókù, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wákàtí ká wa lára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó lè padà wá? Ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ ipasẹ̀ aláìsàn 200 fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Láàárín oṣù àkọ́kọ́, iṣan mìíràn ya lára bí 2 nínú 100. Lẹ́yìn ìyẹn ó wálẹ̀ sí bí 1 nínú 100 lọ́dún. Nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá máa gbé nínú ìbẹ̀rù bí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún.

Ọ̀rọ̀ ìjọsìn kù. Ẹni tí kò bá lè dìde kí ó jókòó kírun. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó máa fi orí tọ́ka. Gbólóhùn sálámà ni ọ̀rànyàn nínú sálámà, kì í ṣe yíyí ọrùn. Kí ó rọra yí i níwọ̀n tó bá gbà láìfipá. Ní ti Ràmàdánì, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun kí ó sì san án padà. Bí dókítà bá ní ó lè gbààwẹ̀, kí wọ́n jọ pín oògùn náà sí àkókò sààrì àti ìṣínu. Kí ó má ṣe fò ó nítorí ààwẹ̀.

Híjámà, tí àwa àáfà fẹ́ràn, kò yẹ ẹni tó ń lo oògùn yìí, àgàgà ní ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tètè dúró. Àgbo pẹ̀lú lè ba iṣẹ́ warfarin jẹ́, yálà kó sọ ọ́ di aláìlágbára tàbí kó mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Kí ó má gbé àpò símẹ́ńtì tàbí ohun tó wúwo fún oṣù mélòó kan. Bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà bá pé, kí ó padà lọ ya àwòrán ọrùn náà. Dókítà tó bá wo àwòrán yẹn ni kó sọ bóyá kí oògùn dúró, kì í ṣe àwa, kì í sì í ṣe ẹni tó ní òun lá àlá kan.